Ẹni Tí Wọ́n Fi Ṣọ́ Muslimat

Gàfárù, aránfìlà ní Bẹyẹrúnkà, kò fọkàn tán obìnrin kankan nínú ilé rẹ̀. Ó ti ṣèlérí fún Alhaji Jubril, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Òkè-Àdó, pé oṣù tí Muslimat ọmọ òun bá ti kọ́kọ́ rí nǹkan oṣù rẹ̀, ilé-ìwé parí nìyẹn. Jubril yóò wá gbé e fún ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni Muslimat.

"Ṣé kò tíì tó?" ni Gàfárù máa ń bi Morẹ́nikẹ́ ìyàwó rẹ̀.

"Ọmọdé ni, Bàbá Muslimat."

"Ọmọdé tó ga jù ọ́ lọ?"

Irun kíkí ni Gàfárù fi ń wọn ọ̀rọ̀ náà. Obìnrin tó bá ń ṣe nǹkan oṣù kì í kírun. Láràárọ̀ ló ń yọjú wo ẹ̀yìnkùlé, Muslimat a sì wà ní ìdúró lórí irun. Ṣùgbọ́n Ọjà'ba ni Gàfárù ń wà títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ta ni yóò bá a ṣọ́ irun ọ̀sán?

Ó gba Kúdẹtì lọ, ó mú Àgbékẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni Àgbékẹ́ tí wọ́n ti fà á fún ọkọ, kò sì pa irun jẹ rí láyé rẹ̀. Ó tẹ́ ẹní rẹ̀ ti ẹní Muslimat. Ó tú báàgì ọmọ náà wò. Ó ń tẹ̀ lé e dé balùwẹ̀.

"Morẹ́nikẹ́, jìnnà síbẹ̀," ló wí. "Àwọn ìyá a máa purọ́."

Inú Gàfárù dùn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rí nǹkan?"

"Mo rí ọmọ tó ń jẹ́ kí ìrẹsì jó mọ́ ìkòkò. Ọmọdé ni."

Nínú ààwẹ̀, Gàfárù bá Muslimat níbi tó ká jọ sí, tó di ikùn mú. Ara fu ú.

"Kí ló ń ṣe é?"

Àgbékẹ́ fẹsẹ̀ ta ọmọ náà. "Ààwẹ̀ ló ń lọ́ ìfun rẹ̀. Dìde, ọ̀lẹ! Irun ti tó."

Muslimat dìde tẹkúntẹkún, ó kírun. Ọkàn Gàfárù balẹ̀.

Ọdún mẹ́rin kọjá. Ó sú Jubril, ó fẹ́ ọmọ ẹlòmíràn fún ọmọ rẹ̀. Muslimat yege ìdánwò, ilé-ìwé àwọn nọ́ọ̀sì gbà á. Lọ́jọ́ kejì tó lọ, Gàfárù gbé abẹ́rẹ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀rù ń bà mí o. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, kò tíì rí nǹkan oṣù! Ṣé kò yẹ kí á gbé e lọ sí ọsibítù?"

"Gàfárù, ọjọ́ kẹta tí mo dé ilé rẹ ló ti rí i," ni Àgbékẹ́ wí, "èmi ni mo sì ní kó máa kírun lọ, kí Ọlọ́run ka ẹ̀ṣẹ̀ ibẹ̀ sí mi lọ́rùn."