Bàbá Tó Ní Rárá

Lẹ́tà náà kò ní orúkọ ẹni tó kọ ọ́, ṣùgbọ́n gbogbo nǹkan yòókù ló pé síbẹ̀: àdírẹ́sì, orúkọ dókítà, wákàtí tí ọmọ máa ń wà nílé. Kókó kan wà lọ́rùn ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan. Íǹṣì kan ni ní ọjọ́ Ajé, íǹṣì kan àti ààbọ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Dókítà tó wá yẹ ojú àwọn ọmọ wò níléèwé ló kọ́kọ́ rí i, ó sì ti kìlọ̀ pé bí wọn kò bá gé e kí oṣù tó parí, á dí ọmọ náà léèémí. Ìjọ àwọn òbí rẹ̀ kì í lo oògùn, wọn kì í sì í jẹ́ kí ọ̀bẹ dókítà kan àwọn.

Obìnrin tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé lọ́fíìsì ìjọba ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá Fáìlì ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, torí bó bá ti gbé fáìlì kan mọ́ra, àfi tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ bá yanjú kó tó sọ ọ́ kalẹ̀. Ó rí àbàwọ́n ṣọ́ọ̀kì búlúù létí ìwé náà, ó sì rẹ́rìn-ín.

"Tísà ni," ó wí fún akọ̀wé tó jókòó tì í. "Ta ló tún ń fi ṣọ́ọ̀kì kun ìwé bí kò ṣe tísà?"

"Ẹ̀yin náà, ọlọ́pàá ló yẹ kẹ́ ẹ ṣe."

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó kan ilẹ̀kùn wọn. Bàbá ọmọ náà, télọ̀, ló ṣílẹ̀kùn, téèpù lọ́rùn, abẹ́rẹ́ lẹ́nu. Ìyá ọmọ ń ká aṣọ. Ọmọ náà jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, èémí rẹ̀ ń dún bí omi tó kù díẹ̀ kó hó. Aṣọ tuntun ló wọ̀, ọrùn rẹ̀ gbòòrò, iwájú rẹ̀ ṣí láti òkè dé ìsàlẹ̀, okùn méjì péré ló so ó pọ̀.

"Aṣọ yìí mà dára o," ni Ìyá Fáìlì wí.

"Bàbá mi ló rán an," ọmọ náà dáhùn.

Télọ̀ yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu. "Ọlọ́run ló ń wo tiwa sàn, mà. Ẹ máa lọ."

Ìyá ọmọ ló sìn ín jáde. Ìyá Fáìlì rọra bi í bóyá òun ló kọ lẹ́tà.

"Lẹ́tà kẹ̀? Èmi tí mi ò mọ̀wé! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá wàhálà sílé mi." Omijé ti lé ròrò sí i lójú.

Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí oṣù parí nígbà tí ẹjọ́ dé kóòtù. Ìjọ tẹ̀lé télọ̀ lọ, wọ́n kún bẹ́ǹṣì mẹ́ta, alàgbà wọn wà níwájú. Lọ́yà tí wọ́n gbà fún un ti kọ́ ọ lọ́rọ̀ kan ṣoṣo: kó ṣáà ní òun ṣì ń rò ó. Bí bàbá bá ṣì ń rò ó, adájọ́ kò lè pàṣẹ kankan, ó di oṣù tó ń bọ̀. Ìyá Fáìlì náà mọ òfin yẹn.

"Bàbá," ni adájọ́ wí, "ṣé ẹ máa jẹ́ kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ọmọ yín, àbí ẹ ṣì ń rò ó?"

"Kò sí ohun tí mò ń rò, mà." Ohùn télọ̀ dé ẹnu ọ̀nà. "Rárá ni. Lónìí rárá, lọ́la rárá. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

"Àmín!" ni ìjọ ké.

Lọ́yà fọwọ́ bojú. Adájọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tó fi pàṣẹ pé kí wọ́n gbé ọmọ náà lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

"Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè," ni Ìyá Fáìlì ń wí fún akọ̀wé nínú mọ́tò, ó ń rẹ́rìn-ín. "Òmùgọ̀ ọkùnrin!"

"Ó ti jẹun?" ni dókítà béèrè nígbà tí wọ́n gbé ọmọ náà dé ilé ìwòsàn.

"Kò tíì fẹnu kan nǹkan láti ìrọ̀lẹ́ àná," ìyá ọmọ dáhùn. "Bàbá rẹ̀ ní kí gbogbo ilé gbààwẹ̀ torí ẹjọ́."

"Orí ọmọ yìí mà ń jà fún un o! Ká ní ó ti jẹun ni, ó di ọ̀la."

Nọ́ọ̀sì tú okùn aṣọ méjèèjì, wọ́n sì gbé e wọlé.

Ní ọjọ́ kẹta, ọmọ náà ń kọrin lórí bẹ́ẹ̀dì títí nọ́ọ̀sì fi bẹ̀ ẹ́ pé kó sinmi. Ìyá Fáìlì yà níléèwé lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ tísà.

"Lẹ́tà wo?" ni tísà bi í. "Mi ò kọ lẹ́tà kankan o. Ẹ̀rù ìjọ yẹn ń bà mí. Ṣọ́ọ̀kì kẹ̀? Máàkà là ń lò níbí."

Ìyá Fáìlì dé ilé ìwòsàn pẹ̀lú ìwé ìkẹyìn lórí ẹjọ́ náà, tí bàbá ọmọ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí. Alàgbà ló bá níbẹ̀, ó di télọ̀ léjìká mú.

"O ṣe ọkùnrin," ni alàgbà ń wí. "Ìjọba ló fipá mú un. Ẹ̀ṣẹ̀ kankan ò sí lọ́dọ̀ rẹ, àyè rẹ ṣì wà láàárín wa."

"Ẹ ṣeun, bàbá," ni télọ̀ wí. Ó fọwọ́ sí ìwé náà láìwo ojú Ìyá Fáìlì.

Inú bí obìnrin náà. "Ẹ ò tiẹ̀ ní dúpẹ́? Ọmọ yín ì bá ti kú!"

"Ẹ fipá gbà á lọ́wọ́ mi ni, mà. Gbogbo ayé ló rí i."

Alàgbà mi orí, ó kí ọmọ náà pé ó dàbọ̀, ó sì jáde.

Nígbà tí ìró ẹsẹ̀ alàgbà ti jìnnà, télọ̀ yọ téèpù lọ́rùn, ó rọra fi wọn ibi tí kókó náà ti wà lọ́rùn ọmọ rẹ̀, ó fi ìka tí ṣọ́ọ̀kì búlúù ti kùn ṣí ìwé kékeré kan níbi tó kọ íǹṣì kan sí ọjọ́ Ajé, íǹṣì kan àti ààbọ̀ sí Ọjọ́bọ̀, ó sì kọ òdo sábẹ́ wọn.