Áàpù Ìyá Sìdíkàt

Irfan ń wo fóònù àtijọ́ tí Ìyá Sìdíkàt gbé wá sí ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tún fóònù ṣe l'Éjìgbò, ó yínmú.

"Màmá, ó yẹ kí wọ́n ti sin fóònù yìí."

"Bá mi gbé áàpù tó wà nínú mẹ́mórì káàdì yìí sí i. Ọmọ mi ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é l'Ábíjàn."

Irfan pòṣé. "Áàpù àfọwọ́ṣe lórí òkú fóònù!"

Ó gbé e sí i, ó tẹ̀ ẹ́ kó ṣí. Fóònù dákẹ́ rọ́rọ́.

"Ṣé ẹ rí i? Pàǹtí!"

Lójijì, ohùn Ìyá Sìdíkàt ń ké látinú dúrọ́ọ̀ tí Irfan tì pa: "Olè! Voleur! Ẹ gbà mí o!"

Ìyá Sìdíkàt náà yínmú.

"Ìbejì ni áàpù tí ọmọ mi ṣe: tí wọ́n bá ṣí ọ̀kan, èkejì á ké. Táíwò lo gbé sórí òkú fóònù yìí. Kẹ́hìndé ló ń ké nínú fóònù mi tí wọ́n jí lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá."