Ọ̀dá Ọdún Mọ́kànlélọ́gbọ̀n

Ní ọjọ́ Sátidé, wọ́n lé Bọ́láwùmí kúrò létí pápá bọ́ọ̀lù Ìlá, wọ́n ní ẹsẹ̀ obìnrin ni kò jẹ́ kí ìlú gba ife.

Eré ìdánrawò lásán ni. Òkè-Ìlá na Ìlá ní góòlù méjì sódo. Bọ́láwùmí dúró sétí ìlà, ó ń pariwo sí Dọ̀tun ọmọ rẹ̀, tó ń gbá ẹ̀yìn: "Ẹsẹ̀ òsì ni nọ́ńbà méje yẹn ní! Má jẹ́ kó yà sínú!"

Bàbá Àlàó, alága ẹgbẹ́ alátìlẹ́yìn, yíjú padà. "Ta ló mú obìnrin wá síbí?"

Ó ti di ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí Ìlá gba Ife Ilẹ̀ Ìgbómìnà kẹ́yìn. Ìgbájọ ti gbà á, Ọ̀tan ti gbà á, Òkè-Ìlá gbà á lẹ́ẹ̀mẹta léra wọn. Ìlá ti pààrọ̀ àwọ̀ jẹ́sì lẹ́ẹ̀mẹrin. Wọ́n ti hú òpó góòlù, wọ́n gbé e kọjú síbòmíràn. Ọdún kan wà tí wọn ò jẹ́ kí àwọn agbábọ́ọ̀lù jẹ ẹ̀wà fún oṣù kan gbáko. Ní báyìí wọ́n ti dé àṣekágbá pẹ̀lú Ọ̀tan Ayégbajú, Sátidé tó ń bọ̀ ni wọ́n máa gbá a. Obìnrin ló kù.

Lọ́dọọdún, wọ́n máa ń gbàdúrà sí omi nílé Alága, wọn a wá wọ́n ọn sí bàtà àwọn agbábọ́ọ̀lù. Ohun èlò onírin kan ni wọ́n ń fi bu omi náà, elétí méjì, tó ti dú bí ìdí ìkòkò. Alága ní ẹnì kan ló fi í sọ́dọ̀ òun pé kóun bá a tọ́jú rẹ̀. Ó ti pẹ́, òun ò rántí ẹni náà mọ́. Obì ló ń kó sínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ìyàwó Alága ló máa ń fi omi lásán ṣan án, àmọ́ ó ti lọ tọ́jú ọmọ tuntun l'Ékòó. Ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n ránṣẹ́ pe Bọ́láwùmí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni wọn ò fẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ò burú.

Ó mú eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́, ó jókòó sẹ́yìnkùlé, ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú. Orúnkún yẹn kì í ká dáadáa láti ìgbà tó ti wà lọ́mọge. Ó fi ọwọ́ líle bo iṣẹ́. Nígbà tó yá, ó dáwọ́ dúró, ó wo nǹkan náà títí. Lẹ́yìn náà ó pọn omi sí i, ó gbé e wọlé bá Alága, àwọn agbábọ́ọ̀lù, àti Pásítọ̀ pẹ̀lú Áfà tó máa gbàdúrà sí i.

Kí Pásítọ̀ tó lanu, ó kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n wá lọ́jọ́ Sátidé. Ọmọ mi ló ń gbá. N ò ní pariwo."

"Ìyá Dọ̀tun, ṣé o fẹ́ kí ọ̀dá yìí pé ọgọ́rùn-ún ọdún ni?" Alága bi í. "Kí ni obìnrin mọ̀ nípa bọ́ọ̀lù gan-an?"

"Ó mọ̀ pé ó rí roboto," Gabriel akọ̀wé ẹgbẹ́ dáhùn.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Dọ̀tun ń wo bàtà rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà jàre," Áfà Àsíìsì wí.

"Ṣé èsì yín nìyẹn, sà?"

"Èsì wa nìyẹn. Gbé omi wá."

Bọ́láwùmí dìde, ó da omi náà nù sẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ohun èlò tó ti ń dán gbinrin lé Gabriel lọ́wọ́, ó ní kó ka ohun tí wọ́n fín sí i lára.

Gabriel kà á, ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀: "Ife Ilẹ̀ Ìgbómìnà, ọdún 2003, ikọ̀ obìnrin Ìlá, Bọ́láwùmí balógun ikọ̀," Bọ́láwùmí sì kọjú sí Alága, ó ní: "Bàbá Àlàó, èmi ni mo fi í sọ́dọ̀ yín, ẹ dá mi lóhùn, ọ̀dá wo lẹ ń sunkún rẹ̀ láti ọjọ́ yìí?"