Orúkọ Ohun Tó Ń Mú Iṣu Dúdú

Láṣebìkan, olùyẹ̀wò iṣu ìjọba, kí Ìyá Adúnbárìn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ lẹ́nu ọ̀nà àká iṣu rẹ̀ ní Ìgbẹ́tì. Ó mú iṣu kan, ó gé e sí méjì, ó sì dúró. Iṣu tí ìjọba fọwọ́ sí, èyí nìkan tí òfin gbà kí a gbìn, kì í dúdú bí wọ́n bá gé e, ìbáà di ọjọ́ mẹ́ta. Kò pẹ́ rárá tí ojú iṣu ìyá fi ṣú dùdù.

“Màmá, ṣé ẹ mọ ohun tó fa èyí?”

“Rárá o, ọ̀gá. Iṣu tí ìyá mi fi sílẹ̀ fún mi ni.”

Láṣebìkan jókòó tì í, ó fi sùúrù ṣàlàyé. Ó ní ohun kan wà nínú iṣu tó ń jẹ́ katekólì, ara oje igi katekú ilẹ̀ Íńdíà ni orúkọ náà ti wá. Ẹ́ńsáìmù tó ń sọ ọ́ di dúdú bí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i ló ń jẹ́ katekoléèsì.

“Ẹ pè é, Màmá.”

Ìyá ṣì í pè lẹ́ẹ̀mejì. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó bọ́ sí i lẹ́nu geerege, inú rẹ̀ sì dùn. Ó rò pé ẹni tó ń kọ́ni kò ní í ṣeni níbi.

Láṣebìkan kọ ọ́ sílẹ̀. “Òfin máa ń dárí ji ẹni tí kò mọ ohun tó ń mú iṣu rẹ̀ dúdú,” ló wí bó ti ń dìde. “Ṣùgbọ́n ẹni tó lè pe orúkọ rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n. A ó sun àká yín lónìí, a ó sì gba oko.”

Ìyá ní òun kò mọ̀ ọ́n, òun kò mọ nǹkan kan. Láṣebìkan fọ ọ̀bẹ rẹ̀, ó sì kọjá sí àká tó kàn.