Àgọ́ Tí Irja Rán

Obìnrin tó kó wá sí ilé tó kọjú sí ti Urho Heikura nínú oṣù kẹwàá fẹ́ rán àgọ́. Kí oṣù náà tó parí, gbogbo abúlé ló ti gbọ́, torí òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ́ kiri. Irja lorúkọ rẹ̀, ó sì ti lé díẹ̀ ní ọgọ́ta ọdún. Ó ra tapólì ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní òun á fi ṣe àgọ́ tí òun máa sùn nínú igbó lóṣù kìíní, nígbà tí adágún bá ti dì.

"Ẹ̀yin nìkan?" ni obìnrin tó ń gba owó bi í. "Nínú òtútù yẹn?"

"Kí ló le nínú ká na tapólì?" ni Irja wí.

Urho ò sí ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà. Láti oṣù kẹrin tí wọ́n ti sin Maire ìyàwó rẹ̀ ni kì í ti í jáde mọ́. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń gbé oúnjẹ sí fún un. Bí Saila, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ sójà ẹnubodè ní àríwá lọ́hùn-ún, bá pè é lórí fóònù, "Mo wà" náà ló máa ń wí, á sì pa á. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ilé ìdáná ló ń jókòó sí látàárọ̀ dalẹ́. Ibẹ̀ ló wà nígbà tí Irja na tapólì rẹ̀ sáàárín igi méjì, ní ọ̀kánkán fèrèsé náà.

Ó nà án pẹrẹsẹ bí aṣọ tí wọ́n sá. Yìnyín kó jọ sórí rẹ̀, ó wó. Lọ́jọ́ kejì ó tún un nà bákan náà, ó tún wó. Lọ́jọ́ kẹta, Urho wọ bàtà, ó sọdá lọ bá a.

"Kí lò ń ṣe gan-an?"

"Àgọ́ ni, ẹ̀gbọ́n."

"Àgọ́ kọ́, pósí ni. Ṣé pẹrẹsẹ ni wọ́n ń nà á ni? Jẹ́ kó dà gẹ̀rẹ́, kí yìnyín lè máa yọ̀ bọ́ọ́lẹ̀."

"Háà! Mi ò tiẹ̀ ro ìyẹn."

"O ò ro ìyẹn." Urho gbá okùn mú. "Ta ló so eléyìí? Ewúrẹ́?"

"Èmi ni."

"Kí ewúrẹ́ má bínú o."

Ó padà wá lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú ìwé àti pẹ́ńsù. Òun ló wọn tapólì, òun ló gé e, Irja sì rán an lórí tábìlì ilé ìdáná rẹ̀. Ojú ibi tó rán gún régé. Urho ò kíyè sí i. Àlàyé ló ń ṣe lọ́wọ́. Nígbà tó kan ihò tí páìpù èéfín sítóòfù onígi inú àgọ́ náà máa gbà jáde, Irja ní kí àwọn kàn dá ihò sí tapólì náà.

"O fẹ́ jóná ni?" Urho pariwo débi pé ajá ilé kejì gbó. Ó sáré lọ sílé, ó gé páànù wá, wọ́n fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ rán an yí ihò náà ká kí iná má bàa kan tapólì.

Bí ó bá ti parí ariwo, á jẹ ọbẹ̀ ẹja Irja, á fi búrẹ́dì dúdú nu àwo. Ṣáájú Kérésìmesì, ó fá irùngbọ̀n rẹ̀.

Nígbà tó di oṣù kìíní, Irja ní òun ti rí ibi tí òun máa pàgọ́ sí, inú kòtò kan nísàlẹ̀ òkè, níbi tí afẹ́fẹ́ ò dé.

"Nísàlẹ̀! Ibẹ̀ ni gbogbo òtútù ń rọ́ lọ! Wọ́n á kàn wá gbé ẹ láàárọ̀ ni. Dákẹ́, mò ń bá ẹ lọ."

Wọ́n lọ lọ́jọ́ Sátidé. Òtútù náà ti lọ sílẹ̀ ju òdo lọ ní ìwọ̀n mẹ́tàlélógún. Urho ló fa ẹrù lórí yìnyín, òun ló yan ibi tó ga díẹ̀, tó tún fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe ìdènà afẹ́fẹ́, ó sì ń pàṣẹ: gé ewé igi yẹn, tẹ́ ẹ nípọn, fi ṣọ́bìrì kó yìnyín ti etí tapólì. Nígbà tí páìpù wọlé sínú ihò rẹ̀ láìfara kan nǹkan kan, Urho dúró, ọwọ́ rẹ̀ wà lára páìpù náà.

"Ọdọọdún lèmi àti Maire máa ń wá síbí," ló wí. "Ọdún mọ́kànlélógójì. Kò mọ okùn so títí tó fi kú." Ó wá bú sẹ́rìn-ín, omi sì ń dà lójú rẹ̀.

Irja ki igi sínú sítóòfù, ó fi ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ ní ìwọ̀n ìka kan, iná náà sì gbé sókè láìṣèéfín.

"Ta ló kọ́ ẹ ní ìyẹn?"

"Ẹ̀yin náà ni."

"Mi ò rántí."

"Àná lẹ sọ ọ́."

"Ó ní láti jẹ́ pé mo sọ ọ́," ni Urho wí, ó sì tún rẹ́rìn-ín.

Láàárọ̀, wọ́n mu kọfí, wọ́n tú àgọ́, wọ́n padà. Urho ò lọ tààrà sílé. Ó mú Irja yà sí ṣọ́ọ̀bù, ó dúró síbẹ̀ fún odindi wákàtí kan, ó ń ròyìn fún gbogbo ẹni tó bá wọlé.

"Bí kì í bá ṣe tèmi ni, ẹ̀ bá máa fi ṣọ́bìrì wa obìnrin yìí jáde lónìí. Kò mọ nǹkan kan! Àbí, Irja?"

"Òótọ́ ni," ni Irja wí, ó sì dágbére fún wọn.

Ó délé, ó bọ́ ibọ̀wọ́, ó sì pe Saila lórí fóònù: "Ó jáde, ó jẹun, ó rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n tètè wá nǹkan mìíràn tí màá tún máa díbọ́n pé mi ò mọ̀ fún mi, kí o sì pa ẹnu mọ́, torí bí ẹnikẹ́ni bá lọ sọ fún bàbá rẹ pé ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ẹ̀yin sójà ẹnubodè bí wọ́n ṣe ń sùn nínú yìnyín, kò tún ní jáde mọ́ láé."