Fáànù Kékeré Yẹn

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń ṣe láìfù lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ní pálọ̀ nígbà tí mo ti ibi iṣẹ́ dé.

Òun ló ní òun á dúró ti màmá wa lónìí o.

Abọ́ oúnjẹ àná wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀, eṣinṣin ń bò ó.

Kọ̀ǹpútà iwájú ẹ̀ dàgbà jù mí lọ. Ó ti ki káàdì kan tó ń gbé àwòrán jáde bọ inú ẹ̀ kó lè yá sí i, ó tún wá ń fipá mú káàdì náà sáré kọjá agbára ẹ̀.

Lánàá, káàdì ọ̀hún gbóná títí ó fi ń rú èéfín. Lónìí, ó tutù nini.

"Fáànù tí mo rí yìí, àrà ọ̀tọ̀ ni!"

Àwọn tó ń wò ó ń pè é ní ọ̀gá. Ó ń tọwọ́ bọ imú, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ó ń rí mi lára.

"Bọ̀dá mi, níbo lẹ ti rí fáànù?"

"Má pariwo, jàre. Màmá ń sùn."

Mo wọ yàrá màmá. Mo sáré jáde, mo já fáànù náà tu.

"Ṣé orí ẹ dàrú ni? Èèyàn ń wò mí!"

Ara ẹ̀rọ tí màmá wa fi ń mí ló ti tú u. Ẹ̀rọ náà ti gbóná, ó ti kú.

"Bọ̀dá mi, màmá ò sùn."