Adájọ́ àti Ọkọ̀ Pupa

Lọ́dọọdún, tí àwọn ọkọ̀ tuntun bá ti jáde, àwọn ọkùnrin tó ń gẹrun ní ṣọ́ọ̀bù ìkóríta kì í parí àríyànjiyàn wọn títí bàbá kan á fi dé. Adájọ́ ni wọ́n ń pè é. Kò ní ọkọ̀ tirẹ̀, bọ́ọ̀sì ló ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́, síbẹ̀ kò sí ọkọ̀ tó jáde lọ́dún tí kò mọ bí inú rẹ̀ ṣe rí. Ohun tí wọ́n mọ̀ kò ju pé ó ń ṣiṣẹ́ ní ọgbà kan lẹ́yìn ìlú, níbi tí wọ́n ń kó ọkọ̀ sí. Wọ́n gbà pé ibẹ̀ làwọn ọkọ̀ tuntun ti ń sinmi kí wọ́n tó dé ọjà.

Lọ́dún yìí, onígbàjámọ̀ ló kọ́kọ́ da ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

“Jíìpù funfun yẹn ńkọ́, Bàbá?”

“Ó ga jù. Òrùlé rẹ̀ ò lè gbé ara rẹ̀.”

“Èyí tó ń lo bátìrì ńkọ́?”

“Ìyẹn máa ń gbóná fún ọjọ́ méjì gbáko.”

“Ta ló fẹ́ wà á fún ọjọ́ méjì?”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló yìn, èyí aláwọ̀ eérú kan tó rí gbàgùdù bíi páálí ọṣẹ. Ó ní ilẹ̀kùn rẹ̀ máa ń ṣí.

“Ilẹ̀kùn ọkọ̀ wo ni kì í ṣí?” onígbàjámọ̀ béèrè.

Adájọ́ ní kó rọra gẹ irun òun níbi etí.

“Ojú Ológbò wá ńkọ́? Pupa kékeré yẹn?”

Adájọ́ béèrè iye tó máa san. Ojú Ológbò lọmọ rẹ̀ fẹ́ rà.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí. Iṣẹ́ ọmọ náà wà nílùú yìí, níbi tó ń gbé lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, ti ọkọ rẹ̀ wà nílùú kejì, gbogbo ọjọ́ Ẹtì ló sì ń gba ọ̀nà márosẹ̀ lọ bá a, òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́ta. Bọ́ọ̀sì ti sú u. Ó ti gé àwòrán ọkọ̀ pupa náà lẹ̀ mọ́ ara fíríìjì. Lójoojúmọ́ ni Adájọ́ ń rí àwòrán náà tó bá fẹ́ mu omi. Láti ìgbà tí ìyá ọmọ náà ti wà láyé ló ti ṣèlérí fún un pé ọ̀rọ̀ ibi iṣẹ́ òun kò ní kọjá ẹnu ọ̀nà wọlé. Ìyàwó ti kú, ìlérí kò kú. Níta ló ti ń fọ ọwọ́, lẹ́ẹ̀mẹta, kó tó wọlé gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ lọ wo ọkọ̀ náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tà á sọ̀rọ̀ rédíò, ó sọ̀rọ̀ kámẹ́rà. Adájọ́ kò béèrè ẹ́ńjìnnì, kò béèrè epo. Ó ní kí ọmọ òun jókòó sídìí sítíárìn, ó wá fi ọwọ́ wọn àlàfo tó wà láàárín sítíárìn àti àyà rẹ̀. Ó fa bẹ́líìtì, ó mi àga ẹ̀yìn títí.

“Ẹ jẹ́ ká wo aláwọ̀ eérú yẹn,” ó ní.

“Bàbá, ṣé ẹ ti wa pupa yìí rí ni?” ọlọ́jà béèrè.

“Mi ò wà á rí.”

“Kí lẹ wá rí lára rẹ̀?”

“Bọ́mọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà.”

Ọlọ́jà rẹ́rìn-ín. Ọmọ Adájọ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Bàbá, látìgbà tí mo ti dáyé, kò sóhun tí mo fẹ́ rà tẹ́ ẹ ò rí àléébù ẹ̀. Ẹ sọ ohun tó ṣe é fún mi. Tẹ́ ẹ bá sọ ọ́, mi ò ní rà á.”

Ẹ̀rù bà á. Ó rọra sọ ìdá kan nínú rẹ̀.

“Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ kì í ṣí.”

Ọlọ́jà gbọ́. Ó fi ìka kan ṣoṣo ṣí ilẹ̀kùn náà, ó tì í, ó tún ṣí i. Ọmọ kékeré pàtẹ́wọ́ fún un.

“Ó ṣí, Bàbá,” ọmọ rẹ̀ sọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀.

Ó wo ojú ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó rántí ìlérí tó ṣe fún ìyàwó rẹ̀. Wọ́n ra Ojú Ológbò.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó tẹ̀lé e, ọmọ rẹ̀ wá dágbére. Adájọ́ gbé ọmọ kékeré sí àga ẹ̀yìn, ó de bẹ́líìtì mọ́ ọn, ó tú u, ó tún dè é.

“Ẹ sọ ohun kan tó dáa nípa ẹ̀, Bàbá, kí n lè fi rìnnà.”

Ó fi ọwọ́ pa ara ọkọ̀ náà.

“Ọ̀dà rẹ̀ dáa,” ó ní. “Kì í tètè bó.”

Inú ọmọ rẹ̀ dùn sí i, ó dì mọ́ ọn, ó sì wakọ̀ lọ. Adájọ́ dúró sétí títì títí iná ẹ̀yìn ọkọ̀ náà fi wọ inú àwọn iná yòókù.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, bó ti ń ṣe láti ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, ó ṣí géètì ọgbà fún ọkọ̀ tó ń wọ́ àwọn ọkọ̀ tó ní jàǹbá wá láti ọ̀nà márosẹ̀, ó sì gbé ayùn irin rẹ̀ kó lè gé ilẹ̀kùn tí kò ṣí, kó kó bàtà àti àpò inú rẹ̀ jáde fún àwọn ẹbí tó máa wá béèrè wọn. Ojú Ológbò pupa ni wọ́n wọ́ wá láàárọ̀ náà, ìkẹrin tó máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ́dún náà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ka nọ́ńbà rẹ̀, ó rí i pé kì í ṣe ti ọmọ òun, ó sì jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá géètì títí èyí tó tẹ̀lé e fi dé.